ÀWỌN AWALẸ̀PÌTÀN ABẸ́ OMI

Ka àyọkà yìí dáadáa, kí o sì ṣe iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e.

A. ÀYỌKÀ

1. Ohun tí ilẹ̀ pa mọ́

Bí o bá ń gbé ní Mòwé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀, ó dájú pé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ a wa ilẹ̀, wọn a sì kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí o bá fara balẹ̀ wo yẹ̀pẹ̀ náà, nígbà mìíràn o lè rí àfọ́kù ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ kan, tàbí irin tí ó ti dípẹtà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í jù ú nù. Wọn a mú un, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: Ta ni ó ni í? Nígbà wo ni a ṣe é? Báwo ni ó ṣe dé ibí? Awalẹ̀pìtàn ni orúkọ wọn, nítorí pé wọ́n ń wa ilẹ̀ kí wọ́n lè pa ìtàn àwọn tí ó ti gbé ayé ṣáájú wa.

Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní ìtòsí abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Yobe lónìí. Nígbà tí ó gbẹ́ ilẹ̀ dé nǹkan bí mítà 5, ó kan igi líle kan. Ìròyìn náà dé etí àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1994, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Nàìjíríà àti Jámánì jọ wa ibẹ̀. Kí ni wọ́n bá? Ọkọ̀ ojú omi ni, tí a fi odindi igi kan gbẹ́! Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 8,000. A kò tíì rí ọkọ̀ ojú omi tí ó dàgbà tó o ní gbogbo ilẹ̀ Áfríkà. Bí ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga bá ti la igi náà fi dáná ni, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ti mọ ọkọ̀ gbẹ́ láti ìgbà náà.

2. Ohun tí omi pa mọ́

Kí ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ Dufuna jẹrà? Ẹrẹ̀ ni. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti bo igi mọ́lẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì dé ibẹ̀, kòkòrò tí í jẹ igi kò lè gbé níbẹ̀. Bákan náà ni ó rí nísàlẹ̀ odò àti òkun. Ọkọ̀ tí ó bá rì tí iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ sì bò ó lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀.

Nítorí náà, àwọn awalẹ̀pìtàn kan wà tí kì í ṣe orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ omi ni oko wọn. Òmùwẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì mọ bí a ti í mòòkùn. Wọ́n ń wá àwọn ọkọ̀ tí ó rì láyé àtijọ́. Lára àwọn ọkọ̀ náà ni àwọn tí a fi kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú láti Áfríkà lọ sí òkè òkun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó rin òkun nígbà òwò ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó rì, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ni a tíì rí.

3. Nígbà tí àlejò bá dé

Ní ọdún 2003, àwọn òmùwẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Diving With a Purpose. Ken Stewart wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Tara Roberts rí àwòrán àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yìí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Washington. Ó wò ó títí. Ó ní òun náà yóò ṣe é. Ó kọ́ bí a ti í mòòkùn, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àwọn òmùwẹ̀ náà láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Ó dé Mòsámbìk, ó dé Gúúsù Áfríkà, ó dé Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì dé Bẹ̀nẹ̀ tí ó múlé gbè wá.

Báwo ni ó ti í rí fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè láti bá wọn ṣiṣẹ́? Jẹ́ kí a sọ pé ìwọ ni. O ti dàgbà, o ti kàwé, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pè ọ́. O wọ ọkọ̀ òfurufú, o sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá. Ní Mòsámbìk, èdè Potogí ni ìjọba ń lò. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Wolof àti Faransé ni o máa gbọ́ lọ́jà. Oúnjẹ wọn yàtọ̀, ìkíni wọn yàtọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí àlejò gidi í ṣe ni kí ó kọ́ bí a ti í kí ènìyàn níbẹ̀, kí ó sì bá àwọn olórí iṣẹ́ lọ kí àwọn àgbà àdúgbò. Àwọn apẹja ibẹ̀ ni wọ́n mọ omi náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n mọ ibi tí àwọ̀n wọn ti í kọ́. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ tí ó rì ni ó ń kọ́ àwọ̀n náà.

Má ṣe rò pé ọjọ́ tí o dé ni wọn yóò mú ọ lọ sí ìdí ọkọ̀ tí ó rì. Rárá o. Olórí iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ, pé lóòótọ́ ni o ti kọ́ bí a ti í mòòkùn. Yóò gba ìwé dókítà, pé àyà, etí àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ dá ṣáṣá. Yóò wo ìwé tí o ń kọ gbogbo ìgbà tí o ti wọ omi sí. Lẹ́yìn èyí, yóò mú ọ lọ sí ibi tí omi kò ti jìn, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí o lè ṣe.

Wọn yóò sì fún ọ ní ẹnì kejì. Lábẹ́ omi, kò sí ẹni tí í dá rìn. Ìwọ ni yóò máa ṣọ́ ẹnì kejì rẹ, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ọ. Bí afẹ́fẹ́ rẹ bá tán, inú àgbá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ni ẹ óò ti jọ máa mí títí ẹ óò fi gòkè.

4. Òfin abẹ́ omi

Ìmúra òmùwẹ̀ pọ̀. Ó ní aṣọ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí òtútù mú un. Ó ní awò tí ó bo ojú àti imú. Ó ní bàtà rọ́bà tí ó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn, ó sì fi ẹnu di okùn rẹ̀ mú, kí ó lè máa mí.

Ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Àlejò gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ọwọ́ yìí dáadáa. Lórí ilẹ̀, ẹni tí ó bá na àtàǹpàkò sókè ń sọ pé, “Ó dára.” Lábẹ́ omi, ohun tí ó ń sọ ni pé, “Jẹ́ kí a gòkè.” Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé kò sí ewu a fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣe òrùka. Bí o bá ṣi èyí lò, ẹnì kejì rẹ yóò gòkè lọ nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀!

Òfin mìíràn ni pé òmùwẹ̀ kò gbọdọ̀ sé èémí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sáré gòkè. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá mi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí a sì ṣí i lójijì, kí ní í ṣẹlẹ̀? Yóò hó kùù, yóò sì ya jáde. Nígbà tí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀ omi jíjìn, omi a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń mí a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá rọra gòkè, afẹ́fẹ́ náà yóò rọra jáde. Bí ó bá sáré gòkè, afẹ́fẹ́ náà yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ọtí inú ìgò. Èyí lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Nítorí náà ni wọ́n fi í dúró díẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5 sí ojú omi kí wọ́n tó yọrí. Nítorí èyí náà ni òmùwẹ̀ kì í fi í wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí ó bá mòòkùn.

Òfin tí ó tóbi jù fún awalẹ̀pìtàn ni èyí: má ṣe kó nǹkan! Bí ó bá rí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí wúrà pàápàá, kò gbọdọ̀ fi sápò. Ibi tí nǹkan wà wúlò bí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a ta okùn sórí ibẹ̀ lóròó àti ní ìbú, kí ó lè pín sí ojú kéékèèké bí ìwé ìṣirò rẹ. Lẹ́yìn náà, wọn a fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọn a ya fọ́tò rẹ̀, wọn a sì fi pẹ́ńsù ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ọlọ́rà tí omi kì í bà jẹ́. Bí wọ́n bá wá fẹ́ gbé irin kan jáde, inú omi ni wọn yóò tún tọ́jú rẹ̀ sí. Bí irin tí ó ti pẹ́ nínú òkun bá ṣàdédé gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó lè gba oṣù púpọ̀, àní ọdún púpọ̀, kí iyọ̀ náà tó jáde tán.

5. Ọkọ̀ São José

Ní oṣù kejìlá ọdún 1794, ọkọ̀ Potogí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ São José gbéra láti Mòsámbìk. Orílẹ̀-èdè Bràsíl ni ó ń lọ. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 400 ni wọ́n dè mọ́ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ìjì gbé e kọ lu àpáta inú òkun ní ìtòsí ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfríkà. Ibi tí ó rì sí kò jìnnà sí etíkun rárá. Àwọn tí ó lé ní 200 nínú àwọn ẹrú náà ni ó kú sómi. Àwọn tí ó yè ńkọ́? Wọ́n tà wọ́n ní Cape Town.

Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, àwọn tí ń wá ìṣúra rí ọkọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ọkọ̀ àwọn ará Họ́láǹdì ni. Nígbà tí ó yá, awalẹ̀pìtàn kan tí ń jẹ́ Jaco Boshoff rí ẹjọ́ tí ọ̀gá ọkọ̀ São José rò nílé ẹjọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún, nínú àwọn ìwé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ọkọ̀ náà ni ó júwe ibi tí ọkọ̀ rì sí. Àwọn òmùwẹ̀ padà sínú omi. Wọ́n rí ọ̀pọ̀ ọ̀pá irin.

Kí ni ọ̀pá irin ń ṣe nínú ọkọ̀? Ọkọ̀ onígbòkun tí kò bá wúwo tó, afẹ́fẹ́ a máa yí i dànù. Ẹrù ọjà a máa mú ọkọ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò wúwo tó ẹrù ọjà, ènìyàn a sì máa mira. Nítorí náà, àwọn olówò ẹrú a máa kó irin sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ó lè dúró. Ní ìlú Lisbon, àwọn onímọ̀ rí ìwé tí ó fi hàn pé São José kó irú irin bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń lọ sí Mòsámbìk. Ìwé àti irin bá ara wọn mu.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn àgbà ní Mòsámbìk bu iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wọn sínú ohun èlò kan tí a fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ dà á sí ojú ibi tí àwọn ènìyàn wọn kú sí. Àwọn òmùwẹ̀ láti Mòsámbìk, Gúúsù Áfríkà àti Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn 220 ọdún ó lé díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ilé bo àwọn tí kò rí ẹni sin wọ́n.

6. Ọkọ̀ Clotilda àti ọmọ tí ń jẹ́ Àbákẹ́

Ìtàn kejì yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹrú wọ ilẹ̀ náà mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1860, olówó kan tí ń jẹ́ Timothy Meaher rán ọkọ̀ kan lọ sí Ouidah, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Clotilda ni orúkọ ọkọ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, ó kó nǹkan bí 110 ènìyàn dé ìpínlẹ̀ Alabama. Òru ni wọ́n kó wọn wọlé. Nígbà tí wọ́n kó wọn sọ̀ kalẹ̀ tán, Foster dáná sun ọkọ̀ náà nínú odò, ó sì rì, kí ìjọba má baà rí ẹ̀rí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin láti agbègbè Bantè. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì ni wọ́n ya wọ ìlú rẹ̀ tí wọ́n sì mú un. Òmíràn ni ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 2 lọ. Ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Àbákẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Ní Amẹ́ríkà, Matilda McCrear ni wọ́n ń pè é. Ó dàgbà, ó bí ọmọ, ó di arúgbó. Àmì ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Bí àwọn obìnrin Yorùbá ti í ṣe irun ni òun náà ń ṣe irun rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ 70 ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rìn nǹkan bí kìlómítà 24 lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìlú Selma. Ó ní kí ìjọba san ohun ìtánràn fún òun nítorí pé wọ́n jí òun gbé. Wọn kò fún un ní nǹkan kan. Ó kú ní ọdún 1940. Kossola ti kú ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1935.

Nígbà tí òwò ẹrú dópin ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1865, àwọn ènìyàn Clotilda fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n wọn kò ní owó ọkọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kówó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó. Africatown ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ń sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ sì ń sọ ọ́ fún ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a máa rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, “Níbo ni ọkọ̀ náà wà? Irọ́ ni.”

Àwọn awalẹ̀pìtàn wọ odò náà. Omi ibẹ̀ dúdú, òmùwẹ̀ kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kamau Sadiki, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Diving With a Purpose, wà lára àwọn tí ó mòòkùn níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń táràrà bí ẹni tí ó wà nínú yàrá tí kò ní iná. Wọ́n wọn gígùn àti ìbú ọkọ̀, ó bá ohun tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu. Wọ́n yẹ igi rẹ̀ wò, irú igi tí a fi kan ọkọ̀ ní agbègbè náà ni. Wọ́n rí àmì pé iná ti jó o. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n kéde pé Clotilda ni lóòótọ́. Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Clotilda ju ogún ọdún lọ. Ọdún 159 ni òtítọ́ fi lé e kí ó tó bá a.

Ní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Africatown. Díẹ̀ lára pákó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, nínú omi, kí ó má baà bàjẹ́.

7. Àwa náà ńkọ́?

Odò Ògùn tí ó ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá ni ó ń sàn bọ̀ ní ìhà Ìbàfò àti Ìṣẹrì, kí ó tó dé ọ̀sà Èkó. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń kó ẹrù gba orí odò yìí. Lónìí, wọ́n ń wa iyanrìn nínú rẹ̀ láti fi kọ́lé. A kò lè sọ ohun tí ọkọ́ tàbí ẹ̀rọ lè gbé jáde lọ́la. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọ Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀ mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Bí o bá rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ tàbí létí omi, má ṣe fọ́ ọ, má sì ṣe tà á. Fi í sílẹ̀ níbi tí o ti rí i, kí o sọ fún òbí tàbí olùkọ́ rẹ. Wọn yóò lè fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Abẹ́òkúta létí. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ṣe òfin kan fún gbogbo ayé pé a kò gbọdọ̀ fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti wà lábẹ́ omi fún 100 ọdún ṣòwò. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ní ọdún 2005.

Má ṣe wọ odò tàbí kòtò omi láti lọ wá nǹkan o! Àwọn tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè yìí ti kọ́ iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ wọn kì í dá wọ omi. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Bí iṣẹ́ náà bá wù ọ́, ibi tí a ti í bẹ̀rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́. Kọ́ ìtàn, kọ́ ìṣirò, kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí o sì kọ́ èdè rẹ dáadáa. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò rí ọkọ̀ mìíràn, tí wọn yóò sì máa wá ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ bí Àbákẹ́, tí yóò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

B. ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

awalẹ̀pìtàn: ẹni tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àwọn ará àtijọ́
òmùwẹ̀: ẹni tí ó mọ omi wẹ̀ dáadáa
mòòkùn: kí ènìyàn wọ abẹ́ omi pátápátá
ọkọ̀ onígbòkun: ọkọ̀ ojú omi tí afẹ́fẹ́ ń fi aṣọ ńlá tì lọ
dípẹtà: kí irin dógùn-ún
ìṣúra: ohun iyebíye tí a fi pa mọ́
ohun ìtánràn: ohun tí a san fún ẹni tí a ṣẹ̀
ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ sí kí ènìyàn lè máa wò ó

D. ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni darandaran Fúlàní náà ń ṣe nígbà tí ó rí ọkọ̀ Dufuna?
2. Kí ni kò jẹ́ kí igi tí ó wà nínú ẹrẹ̀ tètè jẹrà?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí olórí iṣẹ́ yóò béèrè tàbí tí yóò ṣe kí àlejò tó lè dé ìdí ọkọ̀ tí ó rì.
4. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà nínú nína àtàǹpàkò sókè lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ omi?
5. Kí ni ó dé tí òmùwẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré gòkè?
6. Kí ni ìwúlò ọ̀pá irin nínú ọkọ̀ São José? Báwo ni ó ṣe ran àwọn awalẹ̀pìtàn lọ́wọ́?
7. Kí ni ó mú kí Foster dáná sun ọkọ̀ Clotilda?
8. Sọ ohun mẹ́ta tí ó fi hàn pé Clotilda ni ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò.
9. Àwọn nǹkan wo ni Àbákẹ́ ní lára tí ó fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni?
10. Ní èrò tìrẹ, kí ni ó dé tí àwọn àgbà Mòsámbìk fi rán iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wọn lọ sí Cape Town?

E. ÈDÈ

A lè fi “a” ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe láti sọ ẹni tí ń ṣe nǹkan. Wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

a + pa + ẹja = apẹja
a + wa + ọkọ̀ = awakọ̀
a + kọ + ìwé = akọ̀wé
a + wa + ilẹ̀ + pa + ìtàn = awalẹ̀pìtàn

Ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, kí o sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn: kọ + orin, ja + ogun, rán + aṣọ, dá + ẹjọ́.

Ẹ. ÒWE

Sọ ìtumọ̀ òwe wọ̀nyí, kí o sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá àyọkà yìí mu:

1. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.
2. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ.
3. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun rẹ̀.

F. IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ bí ibẹ̀ ti rí kí wọ́n tó kọ́ ilé púpọ̀ síbẹ̀. Kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, kí o sì kà á fún kíláàsì.
2. Pẹ̀lú olùkọ́ yín, ẹ fi okùn pín apá kan lára ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sí ojú kéékèèké. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tí ó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀.
3. Kọ lẹ́tà sí òbí rẹ bí ẹni pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè láti bá àwọn awalẹ̀pìtàn abẹ́ omi ṣiṣẹ́. Sọ ohun tí o rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́.